Aṣọ Àkọ́kọ́ fún Mama Yustina

Oko Ọ̀pẹ, Tawau
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta, ọdún 1988

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́? Èmi àti Densi ọkọ mi ti dé láyọ̀. Láti Maumere títí dé Nunukan ni mo ń bì nínú ọkọ̀ ojú omi yẹn. Densi ní òun ò mọ̀ pé ènìyàn lè bì tó báyìí kó sì tún lágbára láti máa ṣàròyé.

Ìyá, ta ló ní kí ẹ kó òwú yẹn sínú ẹrù mi? Nígbà tí ọlọ́pàá ibodè ní kí n tú àpò, àgbàdo gbígbẹ ló kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn rẹ̀ ni òwú yọ, tòun ti iko tí mo fi dì í. Ọkùnrin yẹn fi igi gbé e sókè, ó ní, "Kí lèyí? Ṣé ẹran ni ẹ pa ni?" Mo ní aṣọ ni. Ó ní, "Aṣọ ta ni?" Gbogbo èrò tó wà lẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín, ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí màá wò.

Mo sọ fún yín kí n tó kúrò nílé pé mi ò ṣe é mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dì í, ẹ̀ẹ̀mejì ló tú. Àyàfi aró tí a rẹ ẹ́ sí nínú ìkòkò yín, kò sí ohun tó dára lára rẹ̀. Mo mọ àṣà wa, ẹ má bínú. Aṣọ àkọ́kọ́ tí ìyàwó bá fọwọ́ ara rẹ̀ dì, tó rẹ, tó sì hun, ti ìyá ọkọ rẹ̀ ni, ó sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ìyá ọkọ kí àkọ́bí tó wọlé. Mo mọ̀ pé bí kò bá dé, orí ẹní àlejò ni Mama Yustina yóò máa fi mí sí nínú ilé ọkọ mi, èmi àti ọmọ tí mo bá bí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í dúró de aṣọ. Ẹ̀yin náà rí bí a ṣe sáré ṣe ìgbéyàwó yẹn kí wọ́n má baà fi wá sílẹ̀.

Níbí, ọ̀pẹ ló wà níwájú, ọ̀pẹ ló wà lẹ́yìn. Kò sí òfì, kò sí èèpo loba tí a fi ń mú àwọ̀, kò sí ẹni tí mo lè bi. Klemens, ọmọ olùkọ́, ń bọ̀ nílé láìpẹ́. Màá fi òwú náà rán an sí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi parí rẹ̀. Ní ọwọ́ yín, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni. Ta ni yóò mọ̀?

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Ọmọ yín,
Skolastika


Watuwolon
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹrin, ọdún 1988

Tika ọmọ mi,

O kú ìrìn o, o kú àtidé. Mo gba lẹ́tà rẹ lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde. Ojú ewé kan péré, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ ìbáwí. Orúnkún mi wà bó ṣe wà.

Èmi ni mo kó òwú sínú ẹrù rẹ. O gbé e pamọ́ sẹ́yìn àká, o rò pé mi ò rí i. Mi ò sì ní bẹ̀ ẹ́ nítorí rẹ̀.

O ní ta ni yóò mọ̀. Yustina yóò mọ̀. Obìnrin yẹn ti ń hunṣọ kí n tó bí ẹ, ó mọ ọwọ́ mi bó ṣe mọ ohùn mi. Bí mo bá dì í ní ibì kan ṣoṣo, ìka rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wá a kàn. Àti pé èmi gan-an yóò mọ̀. Mi ò ní gbé irọ́ fún àna mi nínú aṣọ, kí n wá bá a jókòó nínú ìjọ lọ́jọ́ Àìkú.

A pàdé ní ìdí omi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, "Regina, àlejò wa ti dé Malaysia?" Àlejò ló pè ẹ́, kì í ṣe ìyàwó, kì í ṣe ọmọ. Ẹnu rẹ̀ ò tilẹ̀ le nígbà tó sọ ọ́, èyí ló sì dùn mí jù. Mo ní ó ti dé. Mo gbé omi mi, mo bá tèmi lọ.

Má ṣe fi òwú rán Klemens. Orúwo máa ń hù ní etí òkun, ìdí nìyí tí mo fi mọ̀ pé kò lè ṣaláìsí ní Tawau. Gbòǹgbò rẹ̀ ni kí o wa, ibẹ̀ ni pupa wà. Ìwọ́nba loba tó wà nínú àpò rẹ, má fi ṣòfò, ìyẹn ló máa jẹ́ kí pupa di òwú mú. Tí kò bá tó, kọ̀wé.

Fi abẹ́rẹ́ ńlá ránṣẹ́ sí mi, èyí tí wọ́n fi ń rán àpò. Tibí yìí ti tẹ̀.

Ìyá rẹ tí kò ní bá ẹ parí rẹ̀,
Regina Lodan


Oko Ọ̀pẹ, Tawau
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà, ọdún 1988

Ìyá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Abẹ́rẹ́ méjì wà nínú ìwé yìí, mo fi bébà dì í kó má baà gún ẹni tó ń gbé e bọ̀.

Ọ̀rọ̀ àlejò yẹn ò jẹ́ kí n jẹun lọ́jọ́ tí mo kà á. Mo ka lẹ́tà náà fún Densi. Ó ní, "Bí Mama mi ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Mo ní, "Ìwọ ni wọ́n pè ní àlejò?"

Ẹ gbọ́, mo ti bẹ̀rẹ̀. Opó kan wà nínú ọgbà wa, Mama Afra, ará erékùṣù Adonara. Òun náà mọ òwú í dì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Lọ́jọ́ Àìkú kan a wọ ọkọ̀ lọ sí etí òkun, orúwo sì pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. A fi àdá wa gbòǹgbò rẹ̀ títí àwọn apẹja fi wá bi wá bóyá a ń wá ohun tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ni. Mo tún gbogbo àwòrán ìràwọ̀ òwúrọ̀ inú òwú náà dì, kí pupa má baà wọ ibẹ̀. Ó le dáadáa báyìí.

Èso kemiri tí a ń fún òróró rẹ̀ wà lọ́jà ìlú, ṣùgbọ́n ọjà jìnnà, wọn kì í sì í fún wa láyè. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òwú gbọ́dọ̀ mu òróró yó kó tó lè gba pupa. Densi ní, "Epo ni epo, a wà láàárín rẹ̀ níbí." Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà níbi tí wọ́n ti ń fún epo bu garawa kan fún wa. Epo pupa tó dára gan-an ni, kò tíì pẹ́ rárá. Mo rò pé nígbà tí òun fúnra rẹ̀ pupa, àwọ̀ yóò tilẹ̀ tètè mú. Mo ti ki òwú bọ̀ ọ́, ó wà lórí okùn lẹ́yìn ilé báyìí, ó ń dán.

Loba mi ò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Ẹ fi púpọ̀ ránṣẹ́. Inú mi dùn, Ìyá. Inú mi kò dùn sí òwú yìí báyìí rí.

Ọmọ yín,
Tika


Oko Ọ̀pẹ, Tawau
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1988

Ìyá,

Ẹ kú ilé.

Mo retí lẹ́tà yín, mi ò rí i. Àwọn ará Watuwolon méjì ti dé láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó mú ohunkóhun wá. Ṣé ẹ ń bínú ni?

Ó ti bàjẹ́. Epo yẹn dì sínú òwú, kò gbẹ. Èèrà tò wọ inú rẹ̀ láti ìdí ògiri. Nígbà tí mo ti í bọ inú omi orúwo, àwọ̀ kọ̀ láti wọlé. Ibi tó tilẹ̀ mú, ó rí bí irin kẹ̀kẹ́ tó ti dógùn-ún. Gbogbo loba tó kù lọ́wọ́ mi ló wà nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin tó wà níbi omi ń ki orí bọ inú ìkòkò mi. Ọ̀kan ní, "Ìyàwó Densi, ṣé ọbẹ̀ ni? Ó rùn bí ọbẹ̀." Wọn ò ní i lọ́kàn láti ṣe mí ní ibi, ṣùgbọ́n mo wọlé, mo sunkún títí Densi fi dé láti oko.

Ẹ̀yin lẹ kó o sínú ẹrù mi. Ẹ ò bi mí. Ẹ wá fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ níbi tí mi ò ti ní ẹnìkankan, nígbà tí mo sì kọ̀wé béèrè loba, ẹ dákẹ́. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ ni, mo ti kọ́ ọ. Mo ti rọ́ òwú yẹn sínú àpò ajílẹ̀, ó wà lábẹ́ ibùsùn. Ẹnikẹ́ni tó bá kọ́kọ́ ń bọ̀ nílé ni màá fún. Kí Mama Yustina máa pè mí ní àlejò. Mo ti gbà.

Skolastika


Watuwolon
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kọkànlá, ọdún 1988

Tika mi,

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí ẹ, nítorí ìwọ ò kí mi dáadáa. O kú ìrójú, ọmọ mi. O kú ìdákẹ́ mi.

Mi ò dákẹ́. Ní oṣù keje, lọ́jọ́ tí mo gba lẹ́tà rẹ gan-an, mo kọ̀wé. Mo kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà kí o lè rí i láti ẹnu ọ̀nà. Mo kó loba tuntun sínú agolo, mo fi lẹ́tà lé e lórí, mo gbé méjèèjì fún Klemens ọmọ olùkọ́. Ìgbà tí lẹ́tà ìbínú rẹ dé ni mo lọ bá àbúrò ìyá rẹ̀. Obìnrin náà ní, "Klemens? Ó rí iṣẹ́ igi rírù ní Nunukan, ó dúró síbẹ̀." Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú loba mi. Mo ti sọ ohun tó wà nínú mi fún olùkọ́, kò ní gbàgbé láìpẹ́.

Epo pupa kì í ṣe òróró kemiri. Kemiri máa ń wọ inú òwú, á gbẹ síbẹ̀, á sì fi àyè sílẹ̀ fún àwọ̀. Epo ọ̀pẹ a jókòó sínú òwú bí àna tí kò fẹ́ lọ sílé. Ká ní mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ni, garawa yẹn ì bá ti wà nínú kòtò. Ìyẹn ni mo kọ sínú lẹ́tà Klemens. Sọ fún Densi pé epo kì í ṣe epo.

Ṣùgbọ́n kò tíì bàjẹ́ tán. Jó nǹkan di eérú, sẹ́ omi eérú, gbé òwú náà sínú rẹ̀ nígbà tó bá gbóná, kí o máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Bí omi bá dọ̀tí, tú u dànù, ṣe òmíràn. Ó máa pẹ́. Epo yóò jáde. Mi ò ní tàn ẹ́: omi eérú yóò tú iko tí o fi dì í, o sì máa tún un dì. Lẹ́yìn náà, kemiri, kó gbẹ dáadáa, kó o tó fọwọ́ kan orúwo.

Sister Benedikta ti ìjọ wa ń bọ̀ ní Tawau láti wá wo àwọn ará wa. Ó bá mi mú loba bọ̀. Òun kì í ru igi.

Mo ka ibi tí o ti ní o ò ní ẹnìkankan níbẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo ká lẹ́tà náà, mi ò lè kà á mọ́. Ọmọ mi, mi ò fi ẹ́ sílẹ̀. Bí mo bá jókòó sídìí òfì mi láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìwọ ni mo ń rò. Ìwọ náà jókòó nígbà náà, kí o gbé òwú yẹn lé itan. Bí o kò bá tilẹ̀ dì ju ẹyọ kan lọ, dì í.

Mi ò ní bá ẹ parí rẹ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ.

Ìyá rẹ


Oko Ọ̀pẹ, Tawau
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kìíní, ọdún 1989

Ìyá mi ọ̀wọ́n, ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ẹ foríjì mí fún lẹ́tà tó kọjá. Mo fẹ́ kí ẹ jó o.

Sister Benedikta dé kí Kérésìmesì tó kọjá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Klemens dé, ó ti rù, ó sì gbé agolo yín dání bí ohun tí wọ́n yà sí mímọ́. Ó ní kí n bẹ̀ yín. Mo ṣí lẹ́tà oṣù keje, mo sì rí i tí ẹ kọ ọ́ láti òkè ìwé dé ìsàlẹ̀ pé MÁ LO EPO PUPA. Densi wò ó lórí èjìká mi, ó ní ẹ̀rù yín ń ba òun láti Flores títí dé ibí.

Ẹ wá gbọ́ eérú tí mo lò. Níbi tí wọ́n ti ń fún epo, òkìtì ìdì ẹyìn tí wọ́n ti fún tán wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni lè kó o. Mo sun ún, mo sẹ́ omi rẹ̀, ó lágbára tó bẹ́ẹ̀ tó fi bó mi lọ́wọ́. Ọ̀pẹ ló ba òwú mi jẹ́, ọ̀pẹ náà ló fọ̀ ọ́. Mo fọ̀ ọ́ títí n kò fi ka iye ìgbà mọ́. Iko tú lóòótọ́ bí ẹ ṣe wí. Nígbà tí mo tún un dì tó dé àárín, okùn kan já, gbogbo ìràwọ̀ apá ọ̀tún sì yẹ̀. Mo gbé e, mo sọ ọ́ mọ́ ògiri. Mama Afra wà ní ìdí iná, kò gbójú sókè. Ó ní, "Ó dára. Ògiri ti gba tirẹ̀. Lọ mú un wá." Mi ò dìde. Densi ló lọ mú un, ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú bàtà oko lẹ́sẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u kúrò lára ara wọn ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ rẹ̀ tóbi jù fún un. Mo wò ó títí, mo wá lọ jókòó tì í.

Ìyá, ó pupa. Ó pupa bí ti yín. Mo ki í bọ omi lẹ́ẹ̀kejì, ó tún jinlẹ̀ sí i. Etí kan nìkan ni epo kọ̀ láti jáde níbẹ̀, ó ṣì rí bí ìdọ̀tí irin, mi ò sì mọ ohun tí màá ṣe sí i.

Ọ̀rọ̀ kejì: mo lóyún. Oṣù keje ọdún yìí ni wọ́n ní màá bí. Iṣẹ́ Densi níbí yóò parí ní ìparí ọdún, a ó sì gbé ọmọ wálé. Ẹ rí i pé mo gbọ́dọ̀ yára.

Ọmọ yín,
Tika


Watuwolon
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta, ọdún 1989

Tika, ọmọ mi,

Olúwa á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, á sì ṣọ́ ọmọ inú rẹ. Mo tan àbẹ́là nílé ìjọsìn, mo tún tan òmíràn nílé nítorí mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀kan. Ṣé ò ń jẹun? Ṣé wọn ò jẹ́ kí o ru ẹyìn? Sọ fún Densi pé bí mo bá gbọ́ pé o ru ẹyìn, màá wọ ọkọ̀ wá.

Ọmọ mi, gbọ́ mi. Òfì tí a ń fi ìdí fà, tí bẹ́líìtì rẹ̀ ń gún ẹ̀yìn, kì í ṣe ti aboyún. Mo mọ bó ṣe máa ń dunni. Mo ti rò ó láti ìgbà tí lẹ́tà rẹ dé, mi ò sùn. Mo ní aṣọ kan nínú agbọ̀n, pupa, ìràwọ̀ òwúrọ̀ ló wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. Èmi ni mo hun ún, mi ò tíì ró o rí. Ojú Yustina ti ń ṣú báyìí. Ó kọsẹ̀ lára ewúrẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì bẹ ewúrẹ́ pé kó má bínú. Kò lè mọ̀ mọ́. Mo ti gbé aṣọ náà sórí ibùsùn. Kọ̀wé sí mi pé ó dára, màá gbé e lọ fún un ní orúkọ rẹ, ọ̀rọ̀ á sì parí.

Mo mọ ohun tí mo sọ tẹ́lẹ̀. Má rán mi létí.

Ìyá rẹ


Oko Ọ̀pẹ, Tawau
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹrin, ọdún 1989

Ìyá mi,

Ẹ kú àníyàn o. Mò ń jẹun. Mi ò ru ẹyìn, èso tó bá já sílẹ̀ nìkan ni mò ń ṣà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá aṣọ yín padà sínú agbọ̀n.

Mo kà á, mo sì kọ́kọ́ fẹ́ kọ pé ó dára. Mo ti mú ìwé. Ṣùgbọ́n òfì wà níwájú mi. Densi gé ọparun létí odò, ó fi igi líle gbẹ́ ọ̀pá tí mo fi ń lu òwú mọ́ra, Mama Afra sì rán bẹ́líìtì ẹ̀yìn fún mi láti ara àpò ajílẹ̀. Mo ti tú gbogbo iko kúrò. Ẹ ò rí i, Ìyá. Nígbà tí mo já ti àkọ́kọ́, tí funfun yọ láàárín pupa, àwọn obìnrin tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níbi omi dúró, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ ọbẹ̀ mọ́. Mo ti hun ún dé ìdajì. Ó wọ́ díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó tọ́.

Bí ẹ bá gbé tiyín lọ, kí ni màá fi èyí ṣe? Mama Yustina lè má rí i. Èmi ni mo máa jókòó sórí ẹní yẹn, tí màá sì mọ̀ pé ẹ̀yin ni wọ́n gbà sílé, kì í ṣe èmi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mi ò bínú sí yín. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà yín.

Òtítọ́ ni pé mo ti dúró ná. Bẹ́líìtì kò yí mi ká mọ́, bí mo bá sì fà á, ọmọ á ta mí nípàá. Mo ti ká a rọra, ó wà lókè, ibi tí èèrà ò lè dé. Bí mo bá bí tán, màá tẹ̀síwájú. Ẹ má bẹ̀rù pé màá gbàgbé.

Tika yín


Watuwolon
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà, ọdún 1989

Tika,

Mo ti dá a padà sínú agbọ̀n.

O kú orí kunkun. Ó jọ pé ilé wa lo ti mú un.

Àgbàdo dára lọ́dún yìí. Tọ́jú ara rẹ. Kọ̀wé bí o bá ti bí, bó bá tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan.

Ìyá rẹ


Oko Ọ̀pẹ, Tawau
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹwàá, ọdún 1989

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ewu ọmọ o, ìyá àgbà. Mo mọ̀ pé ìwé pélébé tí Densi kọ ti dé ọwọ́ yín. Ó kọ "obìnrin, àlàáfíà" ó sì rò pé ó tó. Melania ni orúkọ rẹ̀. Irun rẹ̀ pọ̀, igbe rẹ̀ sì pọ̀ ju irun lọ. Imú yín ló gbé wá.

Mo ti parí rẹ̀.

Mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́. Mo máa ń hun nígbà tí ó bá sùn, ó sì jẹ́ ọmọ tí kì í sùn. Nígbà mìíràn ìlà díẹ̀ ni mo máa ń hun kó tó jí. Mo ti bínú sí òwú, mo ti bínú sí Densi, lọ́jọ́ kan mo bínú sí yín, mo sọ ọ́ síta, Mama Afra sì ní kí n sọ ọ́ sókè kí ẹ lè gbọ́. Mo gé òwú ìkẹyìn, mo rò pé màá sunkún tàbí kí n kọrin. Ebi ló pa mí. Mo jẹ ìrẹsì tútù, mo sùn pẹ̀lú aṣọ náà lábẹ́ orí.

Sister Benedikta ló ń gbé e bọ̀. Mama Afra ní kí n ká etí tó dógùn-ún yẹn sínú kí n sì rán an pa. Mi ò ká a. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí aṣọ yìí ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní báyìí tí aṣọ ti lọ, ẹ̀rù bà mí, ó ń ṣe mí bíi kí n sá tẹ̀lé ọkọ̀.

Ẹ gbé e lọ fún un fúnra yín. Kí ẹ sọ ohun gbogbo tó bá sọ fún mi, bó dùn, bó korò. Ẹ má ṣe fi ìkankan pamọ́ nítorí pé mò ń tọ́mọ.

Ọmọ yín,
Tika


Watuwolon
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kọkànlá, ọdún 1989

Tika ọmọ mi, ìyá Melania,

O kú iṣẹ́. Mo tún un sọ: o kú iṣẹ́.

Mo tú aṣọ náà wò nígbà tí Sister gbé e dé, mo sì jókòó tì í. Mo wá àṣìṣe, nítorí pé bí mo ṣe rí nìyẹn. Mo rí i. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wọ́, ìràwọ̀ kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò pé. Mi ò ní kí o tún un ṣe. Mo ká a, mo sì rìn sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé Yustina tòun ti orúnkún mi.

Ó wà níta, ó ń gé ẹ̀gẹ́. Mo ní, "Yustina, aṣọ rẹ dé." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ dáadáa kó tó gbà á. Ojú rẹ̀ ò ríran tó mọ́, ó gbé e lé itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka wá a láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Adìẹ wá ń jẹ ẹ̀gẹ́, kò lé e. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń retí ìdájọ́. Ó wá kan etí yẹn, ìka rẹ̀ sì dúró.

Ó ní, "Ibí yìí le. Kí ló ṣe é?"

Mo ní, "Epo pupa."

"Epo pupa báwo?"

Mo sọ ọ́ fún un: garawa, èèrà, Klemens, omi eérú, ògiri, ikùn rẹ, gbogbo rẹ̀. O ní kí n má ṣe fi ìkankan pamọ́ fún ìwọ, èmi náà ò sì fi ìkankan pamọ́ fún un. Nígbà tí mo dé ibi tí ọmọ rẹ̀ ti ní epo ni epo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí tí ó fi wú ikọ́, tí mo ní láti fún un lómi. Lẹ́yìn náà ó tún fi ọwọ́ pa etí yẹn. Ó ní, "Ó sì tún padà sídìí rẹ̀." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Lẹ́yìn ìyẹn." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n máa lọ sílé.

Mi ò mọ ohun tí màá rò. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń dá ara mi lẹ́jọ́ pé ìbá sàn kí n ti ká etí yẹn sínú fún ọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo ti jókòó nílé ìjọsìn nígbà tó wọlé. Ó ró o. Kò fi í sínú agbọ̀n bí a ṣe máa ń fi aṣọ ìyàwó pamọ́, ó ró o wá sí Mísà, ó sì jẹ́ kí etí tó dógùn-ún yẹn wà níta. Nígbà tí a jáde, Dua Pare, obìnrin tí o mọ ẹnu rẹ̀ yẹn, fà á wò, ó ní, "Ta ló hun èyí? Etí rẹ̀ ò dára."

Yustina gba aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi ló hun ún. Níbi tí kò ti sí loba, tí kò sí kemiri, tí kò sí ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Hun tìrẹ níbẹ̀ kí n wò ó."

Ọmọ mi, ó ní. Tika, mo jowú. Ọdún mélòó ni mo fi tọ́ ẹ, òun sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níwájú ìjọ, ó ti di tirẹ̀. Mo rìn lọ sílé láìkí ẹnikẹ́ni. Mo dé ilé, mo sunkún, mo sì mọ̀ nígbà náà pé ohun tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ní gbogbo àkókò yìí nìyẹn. Kì í ṣe aṣọ. Mò ń dàgbà, ọmọ mi. Lọ́jọ́ kan wàá padà sí Watuwolon, mi ò ní sí níbẹ̀. Mo fẹ́ kí ilé kan wà tí wàá wọ̀ láì kanlẹ̀kùn, tí obìnrin kan nínú rẹ̀ á bínú sí ẹ bí mo ṣe ń bínú sí ẹ. Ìdí nìyí tí mi ò fi bá ẹ fọwọ́ kàn án.

Ó ti ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé ẹ̀ ń bọ̀ ní oṣù kejìlá. Ó ti ká ẹní àlejò kúrò nínú ilé, ó fi ń sá àgbàdo níta. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ilé rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ gbé Melania lọ, kí o tó wá sọ́dọ̀ mi. Bó ṣe yẹ nìyẹn. Kò dùn mí.

Ó dùn mí díẹ̀. Má pẹ́ níbẹ̀.

Èmi, ọ̀kan nínú àwọn ìyá rẹ,
Regina